Kíìtì kálípà tí mo fi tún bíréékì tírélà mi ṣe nílé

Ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ tó ju kálípà (irin tó ń fún páàdì bíréékì mọ́ díìsìkì kí táyà lè dúró) nù, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn pínnì ẹ̀ ná. Tírélà tèmi, táyà ọ̀tún máa ń gbóná bí ààrò tí mo bá rìn díẹ̀, tòsì á sì tutù, mo wá fi jáàkì gbé e, mo gbé e lé sítáńdì, mo fọwọ́ yí táyà yẹn, ó le koko. Ìgbà tí mo tú kálípà, páàdì inú ti jẹ tán, tìta ṣì nípọn dáadáa, àṣé pínnì tí kálípà fi ń rìn ló ti dípẹtà, kò lè sún mọ́.

Kíìtì tí mo rà ní róbà písítìn, róbà tó ń bo pínnì, pínnì tuntun méjì àti gíríìsì sílíkónì. Àwọn róbà yẹn wọlé wẹ́kú, mi ò ní purọ́. Gíríìsì yẹn ló bí mi nínú, tín-ín-rín báyìí, kò tó pínnì kan, mo tún lọ ra òmíràn (ẹ má fi gíríìsì lásán síbẹ̀ o, ó máa ń mú róbà wú). Ìwé inú ẹ̀ náà ò sọ nǹkan kan nípa bílíìdì (yíyọ atẹ́gùn kúrò nínú omi bíréékì), bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà: ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí táyà tó jìnnà jù sí másítà sílíńdà (ibi tí omi bíréékì ti ń wá), kẹ́ ẹ sì wo ìdérí ẹ̀ bóyá omi bíréékì DOT 3 ló ń lò àbí DOT 4, ẹ má da DOT 5 mọ́ ọn torí sílíkónì nìyẹn.

Kò sí táyà tó ń gbóná ju ìkejì lọ mọ́. Ìràwọ̀ 3 nínú 5, gíríìsì ló jẹ 2 yòókù.