Apá, ìrókò tàbí tíìkì: èwo ni kí ẹ rà fún ilẹ̀ onípákó fífẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ pákó fífẹ̀ sílẹ̀ yàrá ní Ògbómọ̀ṣọ́, igi mẹ́ta ló yẹ kó béèrè ní sọ́míìlì: apá, ìrókò àti tíìkì. Owó arère kò ga tó tiwọn, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù, ẹsẹ̀ àga lásán á dá ojú sí i lára. Ẹ má rà á fún ilẹ̀.

Apá ló le jù, òun náà ni kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì nígbà ọyẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó wúwo. Pákó apá 1×12 kan (ó nípọn ní ínṣì 1, ó fẹ̀ ní ínṣì 12) tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó ti gbẹ, á tó kílò 22. Tíìkì tó bá a dọ́gba á wà ní bíi 18. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ fi dírílì lu ihò, ìṣó á tẹ̀, tàbí kí etí pákó là. Àwọ̀ yẹ́lò kan tún wà nínú ara apá tó máa ń jáde bí omi bá kàn án, nítorí náà ẹ má fi aṣọ tútù nù ún kí ẹ tó kun fánìṣì.

Ìrókò rọ̀ jù ú lọ díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa ṣú sí i bó ṣe ń pẹ́. Òkúta funfun máa ń wà nínú òmíràn, ẹnu ayùn á kújú lójú ẹsẹ̀ tó bá kàn án. Eruku rẹ̀ ń ta imú, ó ń yún ni lára: ẹ di imú, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn.

Tíìkì la máa mú fún ẹni tí kò tẹ́ pákó rí, torí ayùn àti ìṣó kò bá a jà. Àmọ́ ẹ wo ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e dáadáa. Àárín rẹ̀ á pọ́n bí oyin, etí rẹ̀ á funfun. Ibi funfun yẹn ni ikán ń jẹ, ó sì máa ń pọ̀ lára tíìkì tí wọ́n gé ní kékeré. Pákó tí funfun bá gba ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ẹ má san owó tíìkì gidi lé e lórí.

Ṣùgbọ́n gbígbẹ ṣe pàtàkì ju orúkọ igi lọ. Ẹni tó ra tíìkì gbígbẹ sàn ju ẹni tó ra apá tútù. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi wò ó: ìyàtọ̀ láàárín pákó àti igi 2×2 tó máa jókòó lé kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tíìkì tó fẹ̀ ní ínṣì 5½, tí omi inú rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ láti ìdá 16 dé 10 nínú ọgọ́rùn-ún, lè súnkì tó milimítà 1.5, àlàfo yẹn á sì hàn láàárín gbogbo pákó. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ nígbà òjò, ọyẹ́ á là á. Bí ẹ bá fún un pọ̀ nínú ọyẹ́, òjò á mú un wú, ilẹ̀ á sì gbé sókè. Ẹ to pákó sínú yàrá náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá jẹ́ inú ọyẹ́ lẹ ń tẹ́ ẹ, ẹ fi àlàfo tó nípọn tó káàdì ATM méjì sáàárín wọn. Ní ìdí ògiri, ẹ fi milimítà 12 sí 15 sílẹ̀ yí ká.

Fún yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí ẹ bá la pákó 1×12 sí méjì tí ẹ sì fá a, ínṣì 5½ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á kù. Pákó odidi 14 ló máa bò ó. Ẹ ra 16, torí kókó àti èyí tó bá là.

Àwọn kan máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì tààrà. Ó yá, ṣùgbọ́n òróró ara tíìkì kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù dì í mú dáadáa, ẹ kò sì ní lè yọ pákó kan ṣoṣo tó bá bàjẹ́. Orí igi 2×2 la fara mọ́: ẹ fi oògùn ikán kùn ún, ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù nínípọn sábẹ́ rẹ̀, ẹ tò ó ní ínṣì 16 síra. Kọ́ńkéré tuntun tó nípọn ní ínṣì 4 nílò bí oṣù mẹ́rin kó tó gbẹ. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ lẹ náílọ́ọ̀nù ẹsẹ̀ bàtà 2 mọ́ ọn, kí ẹ fi téèpù dí etí rẹ̀ yí ká. Tí omi bá sé sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ dúró. Ìṣó ínṣì 2½ méjì-méjì ni kí ẹ gbá sí ibi tí pákó ti kan igi kọ̀ọ̀kan, ínṣì kan sí etí.