Ayàwòrán tó bá mi gba àṣẹ bọ́ìskọ́tà ní Kubwa: ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ yá jù

Orúnkún ìyá mi kò gba àtẹ̀gùn mọ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni tiwa ní Kubwa, l'Ábùjá. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo fẹ́ kọ́ fún wọn ní ẹ̀yìnkùlé, kí ilé ìwẹ̀ wọn wà nínú. Bọ́ìskọ́tà lásán. Alhaji tó múlé tì wá ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, kí n máa fi Sátidé àti Sọ́ńdè kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láìgbàṣẹ. Àmọ́ ilé kan wà ní òpópónà wa tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "STOP WORK" sára ògiri rẹ̀. Koríko ti hù dé ojú fèrèsé. Mo bá wá ayàwòrán ilé.

Ọmọ Ìlọrin ni. Mo ní kó fi èdìdì ARCON (àjọ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀) rẹ̀ hàn mí kí n tó sanwó, ojú rẹ̀ le díẹ̀, àmọ́ ó mú un jáde. Ẹ máa béèrè o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé èdìdì ẹlòmíràn ni wọ́n ń yá kiri. ₦250,000 la fẹnu kò sí.

Ibi tí mo ti yìn ín rèé: kò fi pẹ́ńsù kan bébà kó tó wá sílé. Ó mú téèpù dání, ó wọn ilẹ̀ láti fẹ́ǹsì dé ògiri, ó béèrè ibi tí sókawéè wà, ó béèrè ibi tí bóòhóòlù wà, ó tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé púláànù tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà wá. Ọwọ́ ẹlòmíràn la ti ra ilé ọ̀hún. Ó tẹ́ púláànù sórí tábìlì, ó wò ó, ó dìde lọ wo ẹ̀yìnkùlé, ó padà wá.

"Mọ́mì, kíṣìnnì yín ò sí nínú ìwé."

Ẹni tó ta ilé fún wa ló na kíṣìnnì sẹ́yìn, kò sì gbàṣẹ. Ọdún 6 ni mo ti ń dáná níbẹ̀! Mo rò pé yàrá ìyá mi nìkan ni mo ń lọ béèrè, àṣé odidi ilé ló ń lọ jẹ́jọ́. Ó ní kí a yà á bó ṣe wà gan-an, kí kíṣìnnì àti bọ́ìskọ́tà jọ wọlé pọ̀. Owó kíṣìnnì yàtọ̀, ó sì dùn mí. Síbẹ̀, ká ní onígbọ̀jẹ̀gẹ́ ni, yóò da púláànù àtijọ́ kọ, orúkọ tèmi ni irọ́ náà yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ ló bà á jẹ́. Mo bi í bóyá a nílò ẹnjiníà. "Rárá o Mọ́mì, ilé ilẹ̀ ṣá ni." Fáìlì padà wá láti ọ́fíìsì tó ń fúnni láṣẹ: kò sí ìwé ìpìlẹ̀ àti irin tí ẹnjiníà COREN (àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà) fọwọ́ sí, kò sì ya sókawéè tuntun sínú àwòrán ilẹ̀. Òun tó fi odidi ọ̀sán béèrè sókawéè! Ó wá ẹnjiníà, èmi ni mo sanwó. Oṣù 2 ló bá a lọ nínú oṣù 5 tí gbogbo rẹ̀ gbà wá.

Owó ilẹ̀ tí à ń san fún ìjọba lọ́dọọdún, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mo jẹ ọdún 3. Lẹ́yìn tí ìjọba FCT, ìyẹn Àbújá, fagi lé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ 4,794 ní oṣù Kẹta ọdún 2025 nítorí irú gbèsè yìí, kò sí ẹni tó tún sọ fún mi kí n tó sáré lọ san án. Ẹ san tiyín kí ẹ tó pe ayàwòrán rárá.

Àṣẹ ti dé ọwọ́ mi. Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 fún wa ní ọdún 2 láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a óò tún lọ sọ ọ́ dọ̀tun. Wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nínú 5, mo fún un ní 3 ààbọ̀. N óò tún gbé iṣẹ́ fún un, àmọ́ ẹnjiníà ni n óò kọ́kọ́ wá. Ó kù ẹ̀dà àwòrán inú kọ̀ǹpútà tó ní òun á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi. Ó ní Mọ́ńdè. Mọ́ńdè 4 ti kọjá.