Bẹ́ǹṣì ìta gbangba ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe bẹ́ǹṣì ní Ògbómọ̀ṣọ́: onírin, onísìmẹ́ǹtì, àti onípákó. Ti rọ́bà náà wà, àmọ́ inú ilé ni kó mọ. Oòrùn á mú kó ṣì, kó gan, ọjọ́ tí ẹni tó sanra bá sì jókòó lé e lórí, ó parí.

Ojú ìjókòó ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fọwọ́ pa kí wọ́n tó sanwó. Ẹsẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wò. Ibi tí ẹsẹ̀ ti kanlẹ̀ ni omi òjò ń dúró sí, ibẹ̀ ni ikán ń gbà gòkè, ibẹ̀ náà ni irin ti ń dógùn-ún.

Ẹ dojú bẹ́ǹṣì onírin dé kẹ́ ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Tí ẹnu páìpù bá là sílẹ̀, omi á máa fà wọnú ẹ̀, á sì máa jẹ ẹ́ láti inú. Ọ̀dà tó ń dán lóde ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fura títí ẹsẹ̀ á fi yẹ̀. Kí wẹ́dà fi irin pẹlẹbẹ dí i, kó jó o yíká. Èyí tówó ẹ̀ rọjú, páìpù mílímítà 1 ni wọ́n sábà máa ń lò. Mílímítà 2 ló lè gba ìyà ìta. Wọ́n á ní galvanised ni, ìyẹn irin tí wọ́n fi síńkì bò kó má baà dógùn-ún. Irọ́ kọ́, àmọ́ iná wẹ́dà ti jó síńkì ojú ẹ̀ dànù ní gbogbo oríkèé, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ pọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ni kí wọ́n fi ha á, kí wọ́n kun ọ̀dà síńkì lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀dà aláwọ̀ tó gorí ẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ẹ wá jókòó lé e ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù Kẹta ká wò ó.

Onísìmẹ́ǹtì, olè ò lè gbé e, ikán ò lè jẹ ẹ́. Àwọn tó ń mọ òpó àti ìkòkò òdòdó létí títì ló ń tà á. Àbùkù ẹ̀ wà nínú: sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4 ló yẹ kí wọ́n pò, kí omi má pọ̀. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ irin rọ́ọ̀dù sí. Apá ìsàlẹ̀ ìjókòó ló máa ń la tí èèyàn bá jókòó, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni rọ́ọ̀dù 10mm mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà, kí sìmẹ́ǹtì bò ó tó ìǹṣì kan. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, rọ́ọ̀dù á dógùn-ún, á wú, á sì ti sìmẹ́ǹtì dànù. Ẹ tẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀: tó bá ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó mọ ọ́n lónìí tó fẹ́ gbé e fún yín lọ́tunla, ẹ má gbà. Ọjọ́ 7 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi máa bomi rin ín. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n fi àpò tútù bò ó.

Èyí táwa máa fowó wa rà ni ẹlẹ́sẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó ní ìjókòó pákó. Apá, ìrókò tàbí tíìkì ni kẹ́ ẹ béèrè ní ṣọ́míìlì. Ikán kì í fi arère ṣeré rárá. Ìrókò pàápàá, ara ẹ̀ tó funfun létí èèpo ò ní agbára kankan. Èyí tó pọ́n láàárín ni kẹ́ ẹ mú. Pákó 2×3 ni kí wọ́n là, kí àlàfo ìdajì ìǹṣì wà láàárín ìkọ̀ọ̀kan kómi lè ráyè ṣàn. Bóòtì ni kí wọ́n fi dè é, kì í ṣe ìṣó. Pákó máa ń wú lójò, ó ń súnkì lọ́yẹ́, bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìṣó ń yọrí díẹ̀díẹ̀, agbádá ẹni ẹlẹ́ni ló sì máa kọ́kọ́ fà ya. Kí wọ́n rì orí bóòtì sínú pákó, kí wọ́n fi hámà lu ìdí ẹ̀ káwọn tó ń ta irin àlòkù má baà tú u. Tó bá di ọjọ́ àtipààrọ̀ pákó kan, ayùn irin á gé e.

Gíga ìjókòó, ìǹṣì 18; fífẹ̀, 16 tàbí 17; gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 6. Àwọn àgbà nílò ibi tí wọ́n máa fọwọ́ tì dìde. Kí wọ́n da kọnkéré tó nípọn ní ìǹṣì 4 sábẹ́ ẹ̀, kó yọrí kúrò nílẹ̀ ní ìǹṣì 2. Abẹ́ dóńgóyárò dáa fún un. Abẹ́ máńgòrò náà ní ibòji, àmọ́ ẹ múra sílẹ̀ de omi máńgòrò lórí pákó, àtàwọn ọmọ tó máa gun orí bẹ́ǹṣì láti já a.