Ilé ìtẹ̀wé kan ní Fọ́lágbadé tó mọ òfin ìfiṣẹ́-ọba-sílẹ̀

Ẹnikẹ́ni ní agbègbè Ìjẹ̀bú tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, tàbí tó ti fi í sílẹ̀ tó sì fẹ́ padà, mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún un lórí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní òpópónà Fọ́lágbadé, Ìjẹ̀bú-Òde. Òṣìṣẹ́ ọba tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá tó ni ín. Ìwé òfin iṣẹ́ ọba ti ọdún 2008 àti èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2021 wà lórí tábìlì wọn, etí ojú ewé wọn sì ti rọ̀ bí aṣọ àlòkù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ti kọ lẹ́tà mi sínú fóònù, mo rò pé títẹ̀ nìkan ló kù. Bàbá kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé o fẹ́ kúrò pátápátá ni, àbí o fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀?" Wọ́n ṣàlàyé pé òfin fàyè gba ìsinmi láìgbowó, pé ẹni tí wọ́n bá fún nírú àyè bẹ́ẹ̀ ṣì ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ti dá a padà fún ìjọba. Ìbéèrè yẹn nìkan tó owó tí mo san.

Kíkúrò ni mo fẹ́, nítorí iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Ṣàgámù ti gbà mí. Bàbá wá fi ìka ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà ara ògiri, nítorí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún ìjọba ní oṣù kan kó tó lọ, tàbí kó san owó oṣù kan dípò rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé tí mo kọ́kọ́ yà sí ti fẹ́ bá mi kọ ọjọ́ tó ti kọjá sórí lẹ́tà náà kí n lè tètè lọ, ó sì dùn mí pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú fún irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni Bàbá tẹ̀. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kúrò ní ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ọ̀kan fún mi, torí ẹni tó kàn dákẹ́ tí kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́ ti sá lẹ́nu iṣẹ́ ni, wọ́n sì lè torí rẹ̀ lé e dànù.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, tí mo fẹ́ padà síṣẹ́ ìjọba, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni Bàbá kọ́kọ́ béèrè. Wọn kò tàn mí: wọ́n ní kò sí àga tí ẹnikẹ́ni fi pamọ́ dè mí, pé mo gbọ́dọ̀ kọ̀wé tuntun sí àjọ tó ń gbani síṣẹ́, kí n má sì fi iṣẹ́ tí mo ṣe tẹ́lẹ̀ pamọ́. Nọ́ńbà àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì mi, tí ìdá 8 nínú 100 owó oṣù mi ń wọ̀ nígbà náà pẹ̀lú ìdá 10 ti ìjọba, kò yí padà rárá.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni iná. Wọn kò ní jẹnẹrétọ̀, mo sì jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó lè tẹ lẹ́tà kejì. Ẹ tètè débẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé ìgbéga yín dání, nítorí Bàbá kì í bẹ̀rẹ̀ láìrí wọn.