Ìkìlọ̀: Ẹni tí ó ń ta òògùn ìpéǹpéjú “ọjọ́ méje” gba owó mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú mi mọ́ ọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá irun ìpéǹpéjú tí ó gùn tí ó sì kún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń gbìyànjú láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́. Àná ni mo rí i pé ẹni tí ó lù mí ní jìbìtì tún ti gbé àwòrán kan náà jáde pẹ̀lú orúkọ tuntun, àwọn ènìyàn sì ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọn yóò ṣe sanwó. Ara mi gbóná. Bí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ fi mí ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kà á tán. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé orúkọ kì í pẹ́ lára rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni kí ẹ mọ̀, torí ìyẹn ni kì í pààrọ̀.

Láti ọdún pípẹ́ ni mo ti ń lẹ irun àtọwọ́dá mọ́ ìpéǹpéjú mi, tí mo sì ń fà á tu ní alẹ́ nígbà tí oorun bá ti ń kùn mí, láìfi òróró tàbí omi rọ̀ ọ́. Mo gbà pé ẹ̀bi mi nìyẹn. Irun tèmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá, ó sì wá ku àlàfo kan ní igun òde ojú òsì mi, bí ẹnu tí eyín ti ká. Bí mo bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni mo máa ń kọ sí i. Ẹni tí kò ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ dídùn ṣe ń wọ ènìyàn létí.

Ìgbà yẹn ni mo rí ìpolówó rẹ̀. Àwòrán méjì ni ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìpéǹpéjú tí ó pá bí ẹ̀yìn ṣíbí, irun ti èkejì sì dúró ṣinṣin bí ìgbálẹ̀ tuntun. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọjọ́ méje péré ni, pé ewé àti egbò nìkan ni, pé kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé n kò béèrè ọ̀rọ̀. Mo béèrè! Mo béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó ní àṣírí ìdílé àwọn ni. Mo béèrè bóyá ó lè ta ojú, ó fi àwòrán ẹni tí ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́ sí mi. Mo béèrè bóyá mo lè sanwó nígbà tí ọjà bá dé, ó ní, “Àǹtí mi àtàtà, ìgò méjì péré ni ó kù, ẹnì kan sì ti mú owó lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mo kàn ń fẹ́ràn.” Aago mọ́kànlá alẹ́ ni, mo sì ti wà lórí ibùsùn. Mo fi gbogbo owó tí mo ti fi oṣù mẹ́rin tọ́jú ránṣẹ́ sí i kí ẹnì kejì tí kò sí níbì kankan má bàa gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí páálí náà dé, ojú mi ríran, ọkàn mi ni kò fẹ́ rí i. Wọ́n ti lẹ àkọlé kan lé orí òmíràn. Wọ́n ti fi nǹkan mímú ha ibi tí ó yẹ kí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà. Kò sí ohunkóhun tí ó dí ẹnu ìgò náà, mo kàn yí ìdérí rẹ̀ ni, ó sì ṣí, búrọ́ọ̀ṣì tí ó wà nínú rẹ̀ sì ní irun ẹlòmíràn kan lára. Irun ẹlòmíràn! Mo fi ìka yọ ọ́ dànù, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ó ń rùn bí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà. Èmi tí mo máa ń bá àbúrò mi obìnrin wí tí ó bá ra bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìwo ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀, èmi náà ni mo dúró níwájú dígí tí mo ń fi ohun tí ń rùn bí gọ́ọ̀mù bàtà kun ojú ara mi.

Alẹ́ àkọ́kọ́, ó kàn ń yún mi díẹ̀. Alẹ́ kejì, ó ta mí bí ẹni pé wọ́n fọ́n ata sí mi lójú, mo sì kọ̀wé sí i lójú ẹsẹ̀. Ó dáhùn pé, “Àǹtí mi, títa yẹn ni ó ń jí gbòǹgbò irun dìde. Ẹni tí kò bá ta ni kí ó máa bẹ̀rù.” Mo gbà á gbọ́. Mo tún kùn ún ní alẹ́ kẹta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ojú òsì mi kò ṣí: ìpéǹpéjú ti wú bo ẹyinjú, ìpin sì ti lẹ irun òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Mo fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti aṣọ funfun rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ṣí. Nígbà tí mo wo aṣọ náà, mo rí irun mi lára rẹ̀. Mo ṣà wọ́n sórí ìwé, mo tò wọ́n, mo sì kà wọ́n: mọ́kànlá. Mo tún wọn kà. Mọ́kànlá náà ni.

Ibi tí mo fẹ́ fò dá nìyí, ṣùgbọ́n bí mo bá fò ó, ìkìlọ̀ yìí kò pé. Mo fi àwòrán ojú mi ránṣẹ́ sí i. Ó ní ìdọ̀tí tí ó ti wà nínú ojú mi tẹ́lẹ̀ ni ó ń jáde, pé ara mi le ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ, àti pé ìgò kejì wà tí ó jẹ́ èrọ̀ ti àkọ́kọ́. Mo sì tún sanwó. Ẹ kà á dáadáa: pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo ni mo fi tẹ fóònù, mo yá owó lọ́wọ́ àbúrò mi tí mo máa ń bá wí, mo sì tún san án fún ẹni tí ó sọ mí di olójú kan. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ojúkòkòrò ni, kí ó kọ́kọ́ jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ojú rẹ̀ má ṣí, kí ẹnì kan sì sọ fún un pé èrọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Nígbà tí ìgò kejì dé, ìgò kan náà ni, òórùn kan náà ni, àwọ̀ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ti ìyẹn ni mi ò kùn.

Dókítà ojú tí mo lọ bá kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun àkọ́kọ́ tí ó bi mí ni pé, “Ṣé ẹ mú ìgò náà wá?” Lẹ́yìn tí ó ti fọ ojú mi tí ó sì ti kọ òògùn fún mi, ó ṣàlàyé ohun kan tí ó mú kí n fẹ́ kígbe. Bí irun ìpéǹpéjú ṣe ń gùn kì í fi púpọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ lójúmọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ọjọ́ méje bá pé, ó ti ṣe é títí, nǹkan bíi mìlímítà kan ni. Òògùn tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ni bimatoprost ìwọ̀n 0.03 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí FDA, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti òògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàkíyèsí pé irun ìpéǹpéjú àwọn tí wọ́n ń kán irú rẹ̀ sójú nítorí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ń gùn. Ìwé dókítà ni wọ́n fi ń rà á. Ó tó ọ̀sẹ̀ 16 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn tán, bí ènìyàn bá sì dáwọ́ rẹ̀ dúró, irun á padà sí bí ó ṣe wà. Òun gan-an lè mú kí awọ ìpéǹpéjú dúdú sí i, ó lè mú kí ojú jìn wọ inú, ó lè hu irun sí ibi tí ó bá ṣàn dé, ó sì lè sọ àwọ̀ ẹyinjú di àwọ̀ ilẹ̀ tí kì í padà mọ́. Òògùn gidi tí ó ní ìwé ń lo oṣù mẹ́rin, àṣírí ìdílé wá ń lo ọjọ́ méje!

Dókítà náà tún ní àwọn nǹkan ìkunjú kan wà tí wọ́n ń fi kẹ́míkà tí ó jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú bimatoprost sí, tí wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, isopropyl cloprostenate, sí ẹ̀gbẹ́ páálí pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Ewé wo ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun, mo kà á ní òru kan tí oorun kò wá. Ní nǹkan bí ọdún 1933 ní Amẹ́ríkà, aró ìpéǹpéjú kan tí wọ́n ń pè ní Lash Lure fọ́ àwọn obìnrin lójú, ó sì pa ẹnì kan, nítorí kẹ́míkà paraphenylenediamine tí ó wà nínú rẹ̀. Kò sí òfin tí ìjọba lè fi gbà á kúrò lórí igbá nígbà náà, títí di ọdún 1938 tí wọ́n ṣe òfin tuntun. Òfin ti wà báyìí, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi mú ẹni tí ń pààrọ̀ orúkọ bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ?

Nígbà tí mo ní kí ó dá owó mi padà, ó ní ọwọ́ mi ni kò mọ́. Ọwọ́ èmi! Lẹ́yìn náà ni ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi, iṣẹ́ tí mo bá rán kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni mo tó fẹ àwòrán rẹ̀ lójú. Obìnrin àkọ́kọ́ ní àmì dúdú kékeré lábẹ́ ojú, ti èkejì kò ní. Gọ́ọ̀mù ń dán ní ìdí irun èkejì. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń yìn ín nísàlẹ̀ ṣì “ìpéǹpéjú” kọ lọ́nà kan náà gẹ́lẹ́. Gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí n tó sanwó.

Nítorí náà, ẹni tí kò bá lè sọ ohun tí ó wà nínú ìgò, ẹ má ṣe rà á. Ìgò tí ẹnu rẹ̀ kò dí, ẹ dá a padà. Bí ó bá ta yín, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ pẹ́, ẹ má ṣe tún un kùn, ẹ gbé ìgò náà lọ bá dókítà ojú lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá òǹtajà sọ rẹ́ lórí fóònù; mo fi ìbínú pa ìdajì tèmi rẹ́, ó sì dùn mí.

Àbúrò mi ní mo ti ń sọ̀rọ̀ jù, pé àwọn òǹtajà olóòótọ́ wà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n jáde wá, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n pò sínú ìgò fún wa, nítorí pé wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì mọ ẹni tí mò ń sọ, wọ́n sì dákẹ́. Ní tèmi, n kò gba ìkankan wọn gbọ́ mọ́, ìbáà ṣe ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ẹni tí ó ń ta á láti inú yàrá.

Dókítà ní ọ̀pọ̀ nínú irun náà yóò padà hù láàárín oṣù mélòó kan bí mo bá fi ojú mi sílẹ̀. Ìgò méjèèjì wà nínú ọ̀rá nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo di ẹnu rẹ̀. Mo wo ìpolówó tuntun náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kọ èyí tán. Obìnrin alámì dúdú náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ méje ti di ọjọ́ márùn-ún.