Ṣọ́ọ̀bù tó tún ẹnu dúrọ́ọ̀mù ṣọ́ọ̀ṣì wa gé ní Bódìjà

Ẹ̀yin onílù ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó tún lọ náwó sórí awọ. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra awọ tuntun fún floor tom íńṣì 16 wa (ìlù ńlá ẹlẹ́sẹ̀ tó máa ń dúró nílẹ̀ lára dúrọ́ọ̀mù), tòkunbọ̀ ni sẹ́ẹ̀tì yẹn, igi maple ni, igi gidi, ṣùgbọ́n mo de bóòtù ẹ̀ le, mo tú u díẹ̀, mo tún dè é, ibì kan lára ẹ̀ ṣì ń hùn ṣáá bí eṣinṣin tó há sínú agolo.

Ẹni tó ń lu gángan fún wa ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan, ṣọ́ọ̀bù wọn ò jìnnà sí ọjà pákó Bódìjà (mi ò kọ orúkọ wọn síbí torí mi ò tíì gbàyè lọ́wọ́ wọn). Wọn ò tiẹ̀ wo awọ tí mo gbé wá. Wọ́n tú gbogbo irin ara ẹ̀ kúrò, wọ́n da igi lásán dojú dé orí gíláàsì kan tó nípọn, wọ́n paná ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wá na tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀ látòkè. Wọ́n ní, "Àbúrò, bẹ̀rẹ̀ kó o wò ó." Ibi mẹ́ta ni iná ti ń yọ lábẹ́ ẹ̀! Ibi tí iná bá ti yọ, awọ ò lè fi gbogbo ara jókòó níbẹ̀, ó dẹ̀ ni, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè tún un tó tí ohùn ẹ̀ á fi mọ́. Káfíńtà kan ló fi gíláàsìpépà ha á lọ́wọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní òun ń dán an, àṣé ó ń jẹ ibì kan ju ibì kan lọ.

Ibi tí awọ ti kan igi yẹn ni àwọn òyìnbó ń pè ní bearing edge, ẹnu ìlù ni ẹ̀gbọ́n ń pè é ní tiwọn. Kí wọ́n tó tan máṣíìnì tí wọ́n fi ń gé ẹnu yẹn rárá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé irú orin wo la máa ń lù, inú irú gbọ̀ngàn wo la sì ti ń lù ú. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn gan, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹnu tó bá ti mú ló dáa jù. Tí wọ́n bá gé e ní dìgírì 45, èyí tó mú yẹn, igi tó kan awọ kéré, awọ á lómìnira, igi ìlù á dún ketekete, ohùn á mọ́lẹ̀, á sì pẹ́ kó tó kú. Dìgírì 30 á jẹ́ kí igi kan awọ díẹ̀ sí i, ohùn á ki, á tètè dákẹ́, bí Gretsch, àwọn tó ń ṣe dúrọ́ọ̀mù ní Amẹ́ríkà, ṣe ń gé tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá wá ṣe roboto, òun ló rẹlẹ̀ jù, òun náà ló tètè ń kú jù, irú ẹ̀ ló wà lára ìlù Amẹ́ríkà àtijọ́ tó jẹ́ pé awọ màlúù ni wọ́n fi ń bò ó kí awọ oníke tó gbòde ní nǹkan bí ọdún 1957. Ẹ̀gbọ́n ní bàbá àwọn gbẹ́ gángan, igi apá àti igi ọ̀mọ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ mú, torí tó bá mú á gé awọ ewúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ gángan yẹn ló tọ́ mi sọ́nà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, tí gángan bá ń ki èèyàn tí floor tom ṣì ń hó lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyẹn, àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn ò ní gbọ́ nǹkan tí gángan ń wí. Mo wá ní kí wọ́n ṣe floor tom àti kick (ìlù ńlá tá a ń fẹsẹ̀ lù) ní roboto, kí wọ́n gé tom íńṣì 10 àti 12 (àwọn kékeré tó wà lókè) ní 45. Sínéà (ìlù tó ní wáyà lábẹ́), òkè ẹ̀ nìkan ni wọ́n mú tẹ́jú. Wọ́n ní ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní ibi méjì tó rẹlẹ̀ díẹ̀ tí wáyà ń gbà jókòó, ẹni tó bá mú ibẹ̀ tẹ́jú ti ba sínéà jẹ́, mo sì ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Mo dúró wo iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́kọ́ lẹ gíláàsìpépà mọ́ gíláàsì yẹn, wọ́n ń yí ìlù lórí ẹ̀ títí iná tọ́ọ̀ṣì fi pa níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e sí máṣíìnì, díẹ̀díẹ̀, àyíká mẹ́ta mẹ́rin, torí tí wọ́n bá tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà igi yẹn á ya. Wọ́n fi àbẹ́là pa ẹnu ẹ̀ kẹ́yìn, kí awọ lè máa yọ̀ lórí ẹ̀ tá a bá ń dè é.

Ohun tí ò dùn mọ́ mi: ọjọ́ 4 ni wọ́n dá, ọjọ́ 11 ni mo rí i gbà, Sunday kan la fi àtẹ́wọ́ àti gángan nìkan kọrin, ẹni tí mo sì pè lórí fóònù ò gbé e. Wọ́n ní iná ò sí, mo gbà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ fún mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni wọ́n gbà lórí ìlù kọ̀ọ̀kan, ó wọ́n díẹ̀, àmọ́ ó dín sí owó awọ tí mo ti ń ná dànù.

Floor tom yẹn báyìí, ó ń dún bí ẹni tó já ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, gbì, ó sì dákẹ́, gángan á sì bọ́ sọ́rọ̀. Tom íńṣì 12 dáa gan. Íńṣì 10 ló kù, ohùn ẹ̀ ti mú jù fún gbọ̀ngàn wa tó jẹ́ táìlì nílẹ̀ àti páànù lókè, 30 ni ǹ bá ní kí wọ́n ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ní kò burú, ẹnu tó mú ṣeé gé kù díẹ̀ láìjẹ́ pé igi dín kù púpọ̀, ti roboto tí èèyàn fẹ́ sọ di mímú ló ń jẹ igi. Ọjọ́ Tuesday ni mò ń gbé e padà lọ.