Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́ kan ní Yábà

Léèsì ni mò ń tà ní Balógun, àwọn kan sì máa ń ti Gánà wá rajà lọ́wọ́ mi. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn yọ sí mi lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Inú mi dùn, mo ní, "How were you?" Ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, "When?" Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Ìyẹn ló gbé mi dé kíláàsì yìí, nítòsí ọjà Tejúoṣó. Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 20,000 náírà. Ọmọdé ni tíṣà wa, àmọ́ ó mọṣẹ́. Mo ro ẹjọ́ mi fún un, ó bi mí pé, "Mà, báwo lẹ ṣe máa kí i ní Yorùbá?" Mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ó ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn gan-an ló wà nínú "How have you been?" Ó sàmì sójú pátákó fún ọjọ́ tá a ríra kẹ́yìn, ó wá fa ìlà látibẹ̀ títí dé òní. "Were" dúró sẹ́yìn lọ́hùn-ún, kò dé ọ̀dọ̀ wa. "Have been" ń bá wa bọ̀ títí di ìsinsìnyí, bíi "ti" tó wà nínú "ṣé àlàáfíà lẹ ti wà látọjọ́ yìí?" Ojú mi là.

Ó tún mú "I'm coming" wá. Bí mo bá fẹ́ lọ mú àwọ̀ mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù òkè, "mò ń bọ̀" ni mo máa ń sọ fún oníbàárà, mo sì ń gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rí i pé ẹ̀yìn ni mo kọ sí òun. "I'll be right back" ni mò ń sọ báyìí. "Nice to meet you" ni tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, "Nice meeting you" ni tí a bá fẹ́ pínyà.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi: odindi ìrọ̀lẹ́ kan ló bá "How do you do?" lọ, mi ò sì tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Balógun. Jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́bàá fèrèsé. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn kò ní mọ̀ bóyá "have" ni wọ́n pè tàbí "had".

Oníbàárà mi padà wá lóṣù tó kọjá. Mo kí i bó ṣe yẹ. Ó fà àga, ó jókòó, ó ròyìn fún mi bí ọmọ rẹ̀ ṣe bímọ kó tó béèrè iye tí léèsì jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí ẹ lè rí ìjókòó iwájú.